Ìyá Àyàn Kì Í Mu Tíì

Pei-lan kì í purọ́. Bí oníbàárà bá bi í bóyá wàrà sóyà àná ló kù nínú ìkòkò, á ní àná ni. Bí ẹyin bá jó lórí páànù, á ní ó jó, á sì fọ́ òmíràn láìjanpata. Irọ́ kan ṣoṣo ló ní láyé, àràárọ̀ ló sì ń pa á, láti ìgbà tí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ti kó wá sí ìlú Luodong wá gba ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ àǹtí rẹ̀.

Bàbá Lien ló máa ń fà á lẹ́nu. Bàbá yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, kò sì sí òjò Luodong tó lè dá a dúró sílé. Pei-lan á rí i lókèèrè, á sì ké sí i bí gbogbo olóúnjẹ àárọ̀ ṣe ń ké sí oníbàárà, ìbáà jẹ́ pé eyín ti tán lẹ́nu onítọ̀hún.

"Arẹwà ọkùnrin! Páńkéèkì ẹlẹ́yin mélòó lónìí?"

"Méjì. Ọ̀kan fún èmi, ọ̀kan fún Po-wei. Dì í dáadáa, tàná ń jò."

Po-wei ni ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá yìí nìkan ló sì ń gbé. Òun àti Ning-ning, ọmọbìnrin tó ń gbé nílé Pei-lan, jọ wà ní kíláàsì kẹta ni. Bàbá Lien á wá jókòó, á wo Ning-ning tó ti wọ yúnífọ́ọ̀mù, tó ń jẹ oúnjẹ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì, á sì béèrè bí ẹni tí kò béèrè rí.

"Ọmọ dáadáa lèyí. Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni."

Bí Pei-lan bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ọwọ́ rẹ̀ á ṣe bákan, ẹyin á sì jó. Kò jẹ́ so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ rí, ó máa ń dá iná lẹ́bi ni.

Ọ̀rẹ́ wo ló ń sọ? Shu-wan ni, ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jọ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó lọ́fíìsì ìjọba lọ́dún tí òfin kọ́kọ́ gbà á láyè. Òótọ́ ni pé Shu-wan ló bí Ning-ning. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi òróró sẹ̀sámì se adìyẹ fún ìyá ọlọ́mọ tuntun fún odidi oṣù kan tí àṣà ní kó má jáde nílé? Ta ló ń gbé ọmọ káàkiri iyàrá nígbà tí eyín ń yọ, tí kò sí ẹni tó lè sùn? Adájọ́ pàápàá ti wò ó, ó sì ti ní ọmọ Pei-lan ni. Nínú ilé, Shu-wan ni Màmá, Pei-lan ni Mọ́mì, kò sì sí ìjà. Wọn á kan dé ojú títì, Mọ́mì á sì di ọ̀rẹ́ Màmá.

Kì í ṣe pé ojú ń tì í. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ní jẹ́lé-ó-sinmi tí Ning-ning lọ nílùú tí wọ́n ti kó wá, ìyá kan gbọ́ irú ilé tí ọmọ náà ti wá, ló bá fa ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń fa aṣọ kúrò nítòsí iná. Ning-ning kò tíì gbọ́n nígbà náà, ó rò pé eré ni, ó sì sáré tẹ̀ lé wọn. Pei-lan rí gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ náà ló pinnu pé bí wọ́n bá dé ìlú mìíràn, ẹnu òun kọ́ ni wọn yóò ti gbọ́ ọ.

Bí ọ̀rọ̀ ìyá àyàn ṣe wọlé nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tí Ning-ning wọ kíláàsì kẹta ni, òjò ń rọ̀, Tíṣà Kuo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà iléèwé pẹ̀lú agboòrùn ńlá kan, ó ń fi ọmọ kọ̀ọ̀kan lé ẹni tó wá mú un lọ́wọ́. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni Tíṣà Kuo, irun rẹ̀ kúrú, ohùn rẹ̀ le, ọdún díẹ̀ ló sì kù kó fẹ̀yìn tì.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń wá mú Ning-ning. Màmá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà níbi iṣẹ́, Tíṣà. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín ló ti ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ̀yin wá ni...?"

Pei-lan bẹ̀rẹ̀ sí í nu omi òjò kúrò lójú. Tíṣà Kuo, tó fẹ́ fi inú rere kó o yọ, bá a wá orúkọ. "Háà, ìyá àyàn rẹ̀!"

Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn jẹ́ ìyá àyàn. Ọ̀rẹ́ ìyá ni wọ́n sábà máa ń yàn ṣe é fún ọmọ. Bí ọdún tuntun bá dé, á fún ọmọ náà ní àpòòwé pupa tí owó wà nínú rẹ̀, á ra bàtà fún un, á sì padà sílé ara rẹ̀. Pei-lan mi orí. Ọwọ́ Ning-ning wà nínú tirẹ̀ nígbà náà, ó sì mọ̀ ọ́n bí ọwọ́ kékeré náà ṣe yọ jáde. Ó rò pé òjò ló mú un yọ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí Pei-lan bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, Tíṣà Kuo á ké sínú kíláàsì pé, "Ning-ning, ìyá àyàn ẹ ti dé o!" Gbogbo ọmọ sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Ó di oṣù karùn-ún, Ọjọ́ Ìyá ń bọ̀. Ning-ning ti iléèwé dé, ó gbé báàgì sórí tábìlì, ó ní, "Tíṣà ní lọ́jọ́ Jímọ̀ a máa bu tíì fún màmá wa. A máa kúnlẹ̀, a sì máa fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Àga kan, ife kan, òdòdó pupa kan fún màmá ọmọ kọ̀ọ̀kan."

"Ó mà dáa o," ni Pei-lan wí. Ó ń fọ páànù, ó sì gbìyànjú kí ohùn rẹ̀ fúyẹ́. "Màmá á jókòó. Èmi á dúró sẹ́yìn, màá máa ya fọ́tò yín."

"Ẹ má wá."

"Kí ló dé?"

"Ìyá àyàn kì í mu tíì."

Kò pariwo, kò sì sunkún. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ń rọ̀ níta, ó sì ṣí ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Pei-lan wọ egungun. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kànrìnkàn lọ́wọ́ títí omi fi kún àwo ìfọwọ́, tó sì ń dà sílẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí Shu-wan dé, tí ọmọ sì wà ní balùwẹ̀, Pei-lan rò gbogbo rẹ̀ fún un. Shu-wan kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá àyàn! Ta ló fi ẹ́ joyè?"

"Tíṣà Kuo."

"Ìwọ náà sì fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn?"

"Mo kàn mi orí ni."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Shu-wan. "O mi orí. Níṣojú ọmọ?"

"Mo fẹ́ dáàbò bò ó ni, Shu-wan. O rántí ohun tí ìyá ọjọ́sí ṣe."

"Mo rántí. Ṣé Ning-ning rántí? Ọmọ yẹn ò rántí ẹnì kankan tó fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kúrò. Ìwọ ni ọmọ yẹn rí tó sẹ́ ẹ."

Ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ òótọ́ kì í ṣeé bá jiyàn. Shu-wan fọwọ́ bà á léjìká. "Ṣé kí n lọ bá Tíṣà sọ̀rọ̀?"

"Rárá. Orí tèmi ni mo mì. Èmi ni màá lọ."

Lọ́jọ́ kejì, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó sì ń ka ohun tó máa sọ lójú ọ̀nà bí ọmọ tó ń lọ ṣe ìdánwò. Ìgbà tó fi dé iléèwé, kò rántí ẹyọ kan nínú rẹ̀. Àkókò oorun ọ̀sán ni, gbogbo ọmọ ti gbé orí lé tábìlì. Tíṣà Kuo yọ sí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ìka sétè.

"Ẹ rọra. Ẹni tí kò sùn pọ̀ ju ẹni tó sùn lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Tíṣà, ìyá àyàn tí ẹ ń pè mí... N kì í ṣe ìyá àyàn." Pei-lan wò ó lójú. "Ìyá rẹ̀ ni mí. Èmi àti Shu-wan ti ṣe ìgbéyàwó. Àwa méjèèjì la jọ jẹ́ ìyá Ning-ning."

Tíṣà Kuo yọ awò ojú rẹ̀. Ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún nù ún. "Láti oṣù kẹsàn-án?"

"Láti ìgbà tó ti wà níkùn ni, Tíṣà."

"Ìyẹn kọ́ ni mò ń béèrè! Láti oṣù kẹsàn-án ni mo ti ń pè yín bẹ́ẹ̀ létí ọmọ?"

"Ẹ̀bi yín kọ́. Èmi ni mo..."

"Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀. Bí mo bá ní kí wọ́n ya àwòrán ará ilé wọn, ajá ni Ning-ning máa ń yà. Ajá nìkan! Mo ti ń da ọ̀rọ̀ náà rò pé kí ló ṣe ọmọ yìí. Ẹ tilẹ̀ ní ajá nílé bí?"

"A ò ní."

"Ẹ wá wo nǹkan! Èmi náà ni mo ń fún un ní irin tó fi ń ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ mọ́ra."

Pei-lan ń retí "ṣùgbọ́n". Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí tí kò ní "ṣùgbọ́n" kan lẹ́nu: ṣùgbọ́n ará ìlú ńkọ́, ṣùgbọ́n ẹ kúkú lè rọra ṣe é. Ó dúró, kò gbọ́ ọ. Tíṣà Kuo kàn ń bá ara rẹ̀ jà níbẹ̀ ni. Pei-lan bá fara ti ògiri.

"Ṣé kò sí o? Ẹ ti jẹun?" ni Tíṣà bi í.

"Mo ti jẹun, Tíṣà. Ara ló tù mí."

"Ó dáa. Tèmi ò tíì tù mí." Tíṣà Kuo dá awò padà sójú. "Àga kan, ife kan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń ṣe é. Ọdọọdún ni inú máa ń run ọmọ kan tí tíì bá ku ọ̀la. Bí mo ṣe dárúkọ rẹ̀ lánàá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Po-wei. Mo ní kó lọ mu omi gbígbóná. Omi gbígbóná! Olùkọ́ wo ni mí?"

Agogo lù. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbórí sókè, ojú wọn wú. Tíṣà Kuo ní kí Pei-lan má lọ, kó dúró síbi fèrèsé. Ó pe Ning-ning wá sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ̀ ba títí ojú wọn fi dọ́gba, ó sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ning-ning, mo ṣe ọ́ ní àìdáa, mi ò mọ̀. Mo fẹ́ tún un ṣe lójú gbogbo wọn. Ṣé kí n sọ ọ́, àbí kí n má sọ ọ́? Ohun tí o bá sọ labẹ gé."

Ọmọ náà wo Pei-lan lójú fèrèsé, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ẹ sọ ọ́."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tíṣà Kuo wọlé, ó dúró níwájú pátákó, ó sì fọwọ́ lérí tábìlì.

"Ẹ dákẹ́. Èmi Tíṣà Kuo ṣe àṣìṣe. Tze-han, má rẹ́rìn-ín, tìrẹ náà ń bọ̀. Mo máa ń sọ pé ìyá àyàn Ning-ning ti dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò béèrè, mo kàn fún èèyàn lórúkọ ni. Mọ́mì rẹ̀ ni. Ning-ning ní Màmá, ó sì ní Mọ́mì. Àwọn méjèèjì ni ìyá rẹ̀."

Níbi fèrèsé, Pei-lan di irin fèrèsé mú. Tze-han, ẹlẹ́nu ṣíṣọ́rọ́ kíláàsì náà, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Méjì? Ṣé àwọn méjèèjì ló ń yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá ẹ wò?"

"Méjèèjì," ni Ning-ning wí.

"Ìṣirò náà?"

"Màmá ń wo ìṣirò. Mọ́mì ń wo ìkọ̀wé. Tí wọ́n bá wò ó tán, wọ́n á pààrọ̀."

"Yéè! O mà kú ìyà o!" Tze-han di orí mú, gbogbo kíláàsì sì bá a kí Ning-ning kú ìyà, tọkàntọkàn.

Ọmọbìnrin kan tó jókòó lọ́wọ́ iwájú nawọ́. "Ta wá ni ìyá gidi nínú wọn?"

Ning-ning kò tilẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tì. "Nínú méjèèjì, èwo ló jọ ayédèrú lójú ẹ?" Ọmọbìnrin náà rò ó, kò rí èyí tó máa mú, ó bá ká ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀.

"Ó tó," ni Tíṣà Kuo wí, ó sì ń fi ẹ̀rín pamọ́. "Ọ̀rọ̀ tíì ló kù. Àga kan ṣoṣo ti parí. Ẹni tó bá ń tọ́ yín nílé ni kẹ́ ẹ mú wá. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, àga méjì."

"Tíṣà, bàbá mi ló máa ń dáná nílé wa."

"Mú bàbá ẹ wá."

Po-wei, tó ti fọwọ́ di ikùn mú láti àárọ̀, nawọ́ díẹ̀. "Bàbá àgbà ńkọ́? Ọkùnrin ni."

"Ṣé kì í mu tíì ni?"

"Ó ń mu ún. Ṣùgbọ́n tó bá ti jókòó, oorun ló máa ń gbé e lọ."

"Kó sùn. A óò jí i tí tíì bá kàn án."

Po-wei yọwọ́ kúrò níkùn. Pei-lan ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, kò sì bìkítà ẹni tó ń wò ó. Bí ẹni gbé àpò ìrẹsì tó ti rù látọdúnmọ́dún sílẹ̀ ló rí lára rẹ̀.

Ṣé ó ti wá parí? Kò parí. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé lórí alùpùpù, Ning-ning kò di ìbàdí rẹ̀ mú bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ìjókòó ló dì mú. Wọ́n dúró níbi iná pupa.

"Inú ẹ ò dùn sí ohun tí Tíṣà sọ?" ni Pei-lan bi í.

"Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n Tíṣà ló sọ ọ́. Ẹ̀yin ò tíì sọ ọ́."

Ọjọ́ Jímọ̀ dé tòun tòjò. Wọ́n ti yá àga láti kíláàsì mìíràn, àwọ̀ wọn ò bára mu, ọ̀wọ́ tó yẹ kó gún régé sì wọ́ bí ọ̀nà oko. Bàbá Tze-han wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Bàbá Lien fá irùngbọ̀n, ó wọ kóòtù, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pei-lan, oorun sì gbé e lọ kí wọ́n tó gbé omi tíì kaná. Shu-wan ti lérí láti ilé pé òun ò ní sunkún.

Àwọn ọmọ tò wọlé pẹ̀lú àwo. Ti Ning-ning ní ife méjì àti òdòdó méjì, tíì sì ń dà sínú àwo ní gbogbo ìgbésẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú Shu-wan.

"Màmá, ẹ ṣé. Ẹ mu tíì."

Ìlérí Shu-wan bà jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ning-ning dìde, ó bọ́ síwájú Pei-lan, ó sì dúró. Kò kúnlẹ̀. Ó di àwo mú gírígírí, ó ń wò ó.

"Ta ni yín?" ló béèrè.

Ìyá àwọn ọmọ tó ń ra oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ Pei-lan wà níbẹ̀, mẹ́ta nínú wọn ń wo ẹnu rẹ̀. Ẹ̀rù ọjọ́sí dìde nínú rẹ̀.

"Mọ́mì rẹ ni mí," ni Pei-lan wí, kò ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ.

"Mi ò gbọ́."

Pei-lan dìde dúró. Ó ké bó ṣe máa ń ké sí oníbàárà tó wà lódì kejì títì. "Mọ́mì rẹ ni mí! Èmi àti Màmá la ni ọ́. Ọmọ mi ni ọ́, Ning-ning, n kì í ṣe ìyá àyàn ẹnikẹ́ni!"

Bàbá Lien ta jí. "Kí ló dé? Iná ń jó?" Ó fọwọ́ nu ojú, ó wo Ning-ning, ẹnu rẹ̀ sì gbé e lọ síbi tó máa ń lọ. "Ọmọ dáadáa lèyí. Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ mi ni, Bàbá."

Bàbá Lien mi orí bí ẹni tó gba ìdáhùn tó ti ń retí. "O ṣeun. Àràárọ̀ tó o bá ti ní ọmọ ọ̀rẹ́ ẹ ni, ẹyin mi ló máa ń jó. Mo ti jẹ ẹyin jíjó tó. Ṣé láti ọ̀la lọ, màá jẹ gidi?"

Ẹ̀rín bú yẹ̀. Tíṣà Kuo kọjú sí pátákó, èjìká rẹ̀ ń mì. Àwọn ìyá mẹ́ta náà ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan sì na áńkáṣífù sí Shu-wan.

Ning-ning kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife sókè, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Mọ́mì, ẹ ṣé. Ẹ mu tíì."

Tíì náà ti tutù, ìdajì rẹ̀ sì ti dà sínú àwo. Pei-lan gba ife náà, ó mu ìdajì tó kù. Lẹ́yìn náà ó gba àwo lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu, ó sì mu èyí tó dà.